Mọ́tò Tí Ajíbóyè Gbé Wọ Abereke

Ọjọ́ tí Veronica kọ́kọ́ jókòó sínú mọ́tò kékeré Ajíbóyè ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́tò náà já kúrò lára rẹ̀, tó sì sá lọ. Ẹ má rò pé mò ń bù mọ́ ọn. Wọ́n ń bọ̀ láti Òkìtìpupa, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìgbókòdá, afẹ́fẹ́ ń bá gèlè ọmọbìnrin náà jà nítorí pé mọ́tò ọ̀hún kò ní òrùlé, ni wọ́n bá gbọ́ "gbàgà!" lẹ́yìn. Kí wọ́n tó mọ ohun tó dé, ìdí mọ́tò ti ń wọ́ nílẹ̀. Táyà kan gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó ń yí lọ níwájú wọn bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kánjúkánjú, ó sì kó sínú àbàtà.

Veronica ti ké pe Jésù tó ìgbà mélòó kan kí mọ́tò tó dúró. Nígbà tó la ojú, ẹ̀rín ni Ajíbóyè ń rín. Ó ń rín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó wọ inú àbàtà lọ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀, ó sì gbé táyà náà jáde pẹ̀lú irin tó dá lẹ́nu rẹ̀. Ẹrẹ̀ bo ọkùnrin náà dé àyà.

"Ẹ ò bínú?" ni Veronica bi í.

"Ta ni kí n bínú sí? Ohun tó bá bàjẹ́ là ń tún ṣe. Ìwọ ni kí o má bínú. Mo ní kí n gbé ọ délé kí ilẹ̀ tó ṣú, mo wá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọ dé ọ̀run."

Veronica kò rí ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rín pàdé àdánù rí. Nílé tiwọn ní Abereke, bí àwọ̀n bá ya, ẹni tó sún mọ́ baba rẹ̀ jù ló máa ń jẹ èébú. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì lọ́jọ́ náà, aṣọ tó lọ rà ní Òkìtìpupa wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wo ọkùnrin ẹlẹ́rẹ̀ yìí, ìfẹ́ sì wọ inú rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe nítorí mọ́tò.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Ajíbóyè. Ilé iṣẹ́ epo kan ló gbé e wá sí Ìgbókòdá, níbi tí ọ̀nà ilẹ̀ ti parí tí ọ̀nà omi ti bẹ̀rẹ̀. Òun ló ń bójú tó ẹrù tí ọkọ̀ ojú omi ń kó lọ síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga epo. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń padà lọ sílé ló ti ra mọ́tò náà. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ òórùn epo ní ilẹ̀ Ìlàjẹ: ènìyàn méjì péré ló ń gbà, imú rẹ̀ gùn, ó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ fi ń wo ọlọ́kọ̀ lójú. Veronica ní tirẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ìgbókòdá. Àbúrò ìyá rẹ̀, Àǹtí Mabel tó ń ta edé gbígbẹ, ló ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Ajíbóyè mú bàtà wá fún Àǹtí Mabel. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá jẹun. Kò pẹ́ tí kò fi nílò àwáwí mọ́.

"Ọkùnrin yìí ń fẹ́ ọ," ni Àǹtí Mabel wí.

"Ẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ báyìí, Àǹtí?"

"Nítorí ojú mi kò fọ́ ni. Ìwọ náà ń fẹ́ ẹ. Ìgbà wo lo ti ń fi òróró sójú láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́? Ó dáa, èmi ni máa ṣe alárinà yín. Ṣùgbọ́n baba rẹ kò fẹ́ràn ará òkè, mo ti wí tèmi o."

Ọkọ̀ ojú omi ló gbé àwọn mẹ́ta lọ sí Abereke. Ilé Olówòkéré, baba Veronica, dúró lórí igi nínú omi, ó kọjú sí òkun gbalaja. Ẹ̀yìn rẹ̀ omi, iwájú rẹ̀ ẹrẹ̀ àti òkun, pátákó ni wọ́n ń tẹ̀ láti ilé sí ilé. Olówòkéré jẹ́ ọkùnrin tó sanra, tí iyọ̀ òkun ti gbẹ awọ ara rẹ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gba ọtí tí àlejò gbé wá, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ṣí i.

"Mo gbọ́ pé mọ́tò rẹ fẹ́ pa ọma mi," ló wí.

Ajíbóyè dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. "Bàbá, ẹ má bínú. Irin ìdí rẹ̀ ló gbó. Mo ń tún un ṣe."

"Ó dáa. Lọ tún un ṣe. Bí o bá ṣe é tán, gbé e ghá síwájú ulé mi níbí. Èmi alára yóò jókòó sínú rẹ̀, wàá gbé mi rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní já. Ọjọ́ náà la óò sọ̀rọ̀ ìyàwó."

Lẹ́yìn ògiri pákó, Veronica gbọ́ bí àwọn obìnrin ilé ṣe ń fi ìró bo ẹnu kí ẹ̀rín wọn má bàa jáde. Mọ́tò ní Abereke! Kẹ̀kẹ́ lásán kò dé ibẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n là á fún yín. Nínú ìdílé Olówòkéré, èèwọ̀ ni kí wọ́n fi ẹnu lé ẹni tó wá tọrọ ọmọ. Ẹni tí wọn kò bá fẹ́, iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe ni wọ́n ń gbé lé e lọ́wọ́. Ọlọ́gbọ́n á dúpẹ́, á wọ ọkọ̀, á máa lọ, kò sì ní sí ìjà. Ẹnì kan tó wá tọrọ ẹ̀gbọ́n Veronica, wọ́n ní kó lọ mú ẹja tí kì í rùn wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó kí wọn, ó sì lọ gbé ìyàwó ní Molutehin kí ọdún náà tó parí. Gbogbo ọmọ etí omi tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti tì.

Ajíbóyè kì í ṣe ọmọ etí omi. Ó fi orí kanlẹ̀.

"Bàbá, mo gbà. Màá gbé e wá."

Olówòkéré wo Mabel. Mabel wo ilẹ̀. Wọ́n bá gbé oúnjẹ wá.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà, Ajíbóyè jókòó níwájú, ó ń kọrin. Àǹtí Mabel já Veronica ní èékánná.

"Sọ fún un."

"Kí n sọ kí ni?"

"Sọ fún un pé wọ́n ti lé e. Ṣé o kò gbọ́ ni?"

Veronica ń wo ẹ̀yìn orí ọkùnrin náà. "Bó bá ṣe é ńkọ́, Àǹtí?"

"Ṣe kí ni? Kó gbé mọ́tò gun orí omi?"

"Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu Bàbá. Bó bá gbé e dé lóòótọ́, Bàbá kò lè kó o jẹ. Bí mo bá sọ fún un lónìí, á lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé á lọ."

"Ọmọ yìí," ni Àǹtí Mabel wí, ohùn rẹ̀ kò dùn, "ò ń fi ọmọ ọlọ́mọ ta tẹ́tẹ́."

Veronica kọjú sí omi. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó kàn pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀ lé e.

Pius, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Ìgbókòdá, ló yá Ajíbóyè ní àyè lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ jó irin tó dá pọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé mọ́tò jáde, kò dé ọjà tó fi tún dá níbì kan náà. Lọ́jọ́ náà Ajíbóyè tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Àtúnṣe kọ́ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́," ló sọ fún Veronica. Ó gbé irin náà sórí itan rẹ̀. "Wò ó. Ṣáfútù nìyí. Òun ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ bá táyà. Abọ́ irin tí táyà dúró lé yìí ni họ́ọ̀bù. Ṣé o rí ibi tí ṣáfútù ti wọ inú họ́ọ̀bù? Ó tín-ín-rín jù. Bẹ́rìn kan ṣoṣo, òrùka irin tó ń jẹ́ kó yí, ló sì gbé gbogbo ẹrù náà. Lórí títì dáadáa, ó lè ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ baba rẹ rọ̀. Ilẹ̀ tó rọ̀ máa ń fa táyà sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì á máa fà á síwájú, irin àárín ló máa jìyà rẹ̀. A óò yọ gbogbo rẹ̀, a óò fi èyí tó lágbára jù ú lọ sí i."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ọ̀tún àti òsì. Baba rẹ ní kó má já. Kò ní já."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó wá ṣáfútù tọ́kúnbọ̀ láti ara ọkọ̀ tó tóbi ju tirẹ̀ lọ, èyí tí oríkèé irin wà lẹ́nu rẹ̀ méjèèjì. Gígùn rẹ̀ kò bá tirẹ̀ mu. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Wárì lọ bá tọ́nà kan tó ń gbẹ́ irin, ó ní kó gbẹ́ họ́ọ̀bù tuntun tó nípọn, tí yóò gba bẹ́rìn méjì méjì. Èyí àkọ́kọ́ wọ́, kò yí dọ́gba. Ó dá a padà. Òjò dé, omi kún, ọkọ̀ Wárì kò lọ mọ́. Òjò lọ, òmíràn tún dé.

Níbẹ̀rẹ̀, àkókò náà dùn mọ́ Veronica ju ohunkóhun lọ. Bó bá ti rán aṣọ tán, abẹ́ àtíbàbà ló ń gbà lọ. Ajíbóyè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ ti gírísì wọ inú bẹ́rìn títí yóò fi yọ ní òdìkejì, ọwọ́ aránṣọ rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n ṣe ju ti Pius lọ. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n máa kọ́, orúkọ ọmọ, irú ọbẹ̀ tí Ajíbóyè kò lè jẹ. "Mo fẹ́ràn rẹ ju gbogbo irin tó wà ní Wárì lọ," ló sọ lọ́jọ́ kan, Veronica sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé bí ẹni gbé ẹyin.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ọmọ dínkù, ọ̀rọ̀ bẹ́rìn pọ̀ sí i. Veronica rán aṣọ tuntun wọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde, ó dúró níwájú rẹ̀ títí. Ajíbóyè gbójú sókè, ó ní, "Fẹ́ró, jọ̀ọ́ bá mi na sípánà yẹn." Ẹgbẹ́ Veronica ti ń gbé ọmọ kejì pọ̀n. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí òun ni gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni. Òótọ́ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kó lè sùn dáadáa.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì ni ìyá Ajíbóyè, Mùnírátù, wá láti Ìsẹ́yìn. Obìnrin náà dé etí omi, ó wo bí omi ṣe lọ salalu, ó gbé àpò rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ajíbóyè, orí èyí lo fẹ́ kí n máa wá kí ọmọ-ọmọ mi? Kò sí ọmọbìnrin lórí ilẹ̀ gbígbẹ mọ́?"

"Màmá, Ìgbókòdá la máa gbé."

"Títí ìgbà wo? Obìnrin tí wọ́n bí sórí omi, orí omi ló máa padà sí." Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó ní kí Veronica jókòó ti òun. Ó di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí gírísì lábẹ́ èékánná. "Ìwà rẹ dára, mi ò lè purọ́. Ìbéèrè kan ni mo ní, kí o sì dá mi lóhùn bí ìyá rẹ. Ṣé baba rẹ fẹ́ ọmọ mi?"

Veronica ní, "Mọ́tò ni Bàbá ń dúró dè, Mà."

Mùnírátù mi orí. "Baba tó bá fẹ́ àna kì í dúró de mọ́tò," ló wí, ó sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Ó padà sí Ìsẹ́yìn ní ọjọ́ kejì. Kò gbàdúrà sí i, kò sì ṣépè.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí kò kúrò létí Veronica. Ó pinnu pé òun máa sọ. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló lọ bá Ajíbóyè lábẹ́ àtíbàbà, ó ti tò ó lẹ́nu: màá ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, nígbà tí Bàbá sọ̀rọ̀ yẹn, ohun tó ní lọ́kàn kọ́ nìyẹn. Ọjọ́ náà gan-an ni họ́ọ̀bù kejì ti Wárì dé. Ajíbóyè gbé e lọ́wọ́ bí ọmọ tuntun.

"Wá wò ó," ló wí. Ó fi ìka kan yí i. Họ́ọ̀bù náà yí, ó ń yí lọ, kò dún rárá. Ojú ọkùnrin náà mọ́lẹ̀ bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde nínú àbàtà. "Fẹ́ró, a ti fẹ́ ara wa tán! Kó o kàn máa ká aṣọ rẹ ni."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ́ràn ènìyàn rí, ẹ sọ fún mi, ta ló máa ya ẹnu? Veronica ní, "Ó dára púpọ̀," ó sì lọ síbi tí kòròbà gírísì wà.

Wọ́n dán mọ́tò náà wò. Ajíbóyè kó àpò sìmẹ́ǹtì sí i títí ìdí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ó wà á lọ sí Òkìtìpupa, ó wà á padà, ó gba inú iyanrìn etí omi kọjá. Kò sí ohun tó dún. Pius fúnra rẹ̀, tí kì í yin ẹnikẹ́ni, ní mọ́tò náà ti wá ní ìdí bíi ti màálù.

Ọkọ̀ pẹrẹsẹ kan wà tí ilé iṣẹ́ epo fi ń kó páìpù lọ sí Molutehin, báàjì ni wọ́n ń pè é. Ajíbóyè bẹ ọ̀gá tó ń wà á títí ó fi gbà. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò gun orí omi, gẹ́gẹ́ bí Àǹtí Mabel ṣe fi ṣe ẹlẹ́yà, òun náà sì bá wọn wọ báàjì. Veronica jókòó sínú rẹ̀ lórí báàjì, ó wọ lésì. Àwọn apẹja dìde dúró nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń hó yè. Ajíbóyè ń juwọ́ sí wọn. Ó dà bíi pé ayé ti fẹ́ yẹ wọ́n.

Òkun ti fà sẹ́yìn nígbà tí wọ́n dé Abereke, ẹrẹ̀ dúdú sì wà níta títí lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tẹ́ pátákó láti ẹnu báàjì, wọ́n tẹ́ ẹ dé ibi tí iyanrìn díẹ̀ wà níwájú ilé Olówòkéré. Gbogbo ìlú jáde. Ajíbóyè wa mọ́tò sọ̀ kalẹ̀ lórí pátákó náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó dúró níwájú àkàbà ilé àna rẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Bàbá, mo ti gbé e dé."

Olówòkéré dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri lọ́jọ́ yìí. Ó wọlé, ó wọ agbádá, ó dé fìlà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ tó tóbi há inú ìjókòó kékeré náà.

"Gbé mi rìn," ló wí.

Ajíbóyè gbé e rìn. Mọ́tò yí ilé po lórí iyanrìn, ó gba ibi tí wọ́n ń sá ẹja sí kọjá, àwọn ènìyàn ń sá tẹ̀ lé e. Nígbà tó fẹ́ yí padà, táyà ẹ̀yìn kúrò lórí iyanrìn, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ajíbóyè tẹ iná. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, táyà méjèèjì ń yí, ṣáfútù ń yí, họ́ọ̀bù ń yí. Kò sí ohun tó já. Ilẹ̀ ni kò sí. Mọ́tò ń rì díẹ̀díẹ̀ títí ẹrẹ̀ fi dé ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi ọwọ́ fa Olówòkéré jáde.

Àwọn ọkùnrin fa okùn, wọ́n fà á, okùn já. Okùn mìíràn tún já. Òkun sì ti ń padà bọ̀.

Ẹrẹ̀ bo agbádá Olówòkéré. Gbogbo ènìyàn ń retí èébú. Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò já o! Ẹ̀yin rí i? Kò já!" Ó gun òkè lọ, ó ń rín, ó sì ṣí ọtí.

Bí wọ́n ṣe ń gba àna ní ilé náà nìyí: baba ọmọ á bu ọtí sínú ife, á dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á pe ẹni tó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí wọ́n bá pè á sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nù, ì báà jẹ́ àwọ̀n tó kún fún ẹja, á gun òkè. Bí kò bá dé kí ìpè kẹta tó tán, òun ló kọ ọmọ, wọ́n á sì da ọtí padà sínú ìgò.

"Ajíbóyè! Ghá wọ ulé!"

"Mò ń bọ̀, Bàbá!" ni Ajíbóyè dáhùn láti ẹ̀yìn mọ́tò. Ó ti fi jáàkì àti pákó gbé ìdí mọ́tò sókè díẹ̀, ó ti yọ ṣáfútù òsì pẹ̀lú họ́ọ̀bù rẹ̀, ó wé e sínú tapólì. Ó ń lọ sí apá ọ̀tún. Omi ti dé orúnkún rẹ̀.

Veronica ká lésì rẹ̀ sókè, ó wọ omi lọ bá a.

"Bọ̀dá Ajíbóyè, Bàbá ń pè yín."

"Mo gbọ́. Ọ̀tún ló kù. Bí omi iyọ̀ bá wọ inú bẹ́rìn yìí, iṣẹ́ ọdún méjì ti lọ nìyẹn."

"Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ gòkè. Ọtí ti wà nínú ife, wọ́n ti gbà yín, ṣùgbọ́n bí ìpè kẹta bá tán tí ẹ kò dé, ẹ̀yin lẹ kọ̀ mí nìyẹn!"

"Wọ́n ti gbà mí látijọ́ náà, ṣebí mọ́tò ni Bàbá ń dúró dè. Kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Nọ́ọ̀tì yìí le."

Ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ ọdún méjì bẹ́ jáde lẹ́nu Veronica. "Wọn kò gbà yín rí! Iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe ni wọ́n gbé fún yín, kí ẹ lè máa lọ. Bí wọ́n ṣe ń lé ènìyàn nílé wa nìyẹn. Gbogbo ilé ló mọ̀. Òní ni wọ́n gbà yín. Òní gan-an! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gòkè!"

Sípánà dúró lọ́wọ́ Ajíbóyè.

"Gbogbo ilé ló mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ náà?"

Veronica lè purọ́. Omi ń pariwo, àwọn ènìyàn ń pariwo, irọ́ kékeré ì bá gba ibẹ̀ kọjá. "Mo mọ̀," ló wí.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Ajíbóyè!" Ìpè kejì nìyẹn. Ohùn bàbá náà dùn, ọtí díẹ̀ ti wà nínú rẹ̀.

Ajíbóyè gbójú sókè sí ilé náà, ó wo omi, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí sípánà ti bó. Veronica ń bẹ Ọlọ́run nínú ara rẹ̀ pé kó bínú, kó gbá òun létí, kó pariwo, kó ṣá ti ṣe nǹkan kan. Èyí tó tilẹ̀ ń fẹ́ jù ni kó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò ṣe ọ̀kankan níbẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó sì tún fi sípánà sẹ́nu nọ́ọ̀tì.

"Ẹ bá mi di ìdí rẹ̀ mú," ló wí, "kó má bọ́ sómi."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, kò pe Veronica ní "ẹ" rí.

Veronica tẹ̀ ba, omi dé àyà rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin náà mú bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó lè fi sílẹ̀ kó bọ́. Ó rò ó. Bí ó bá bọ́, bóyá ọkùnrin yìí á gòkè. Ṣùgbọ́n ó ti gba nǹkan tó pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè gba èyí náà, ó sì dì í mú ṣinṣin. Ibẹ̀ ni wọ́n wà, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, nígbà tí ìpè kẹta wá. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Nọ́ọ̀tì náà tú.

Ajíbóyè gba ṣáfútù lọ́wọ́ rẹ̀, ó wé e sínú tapólì pẹ̀lú ìkejì rẹ̀. "Ẹ ṣé," ló wí. Ó gbé ẹrù náà lé èjìká, ó wọ omi lọ sí báàjì, wọ́n sì fà á sókè. Àǹtí Mabel ń sáré lórí pátákó, ó ń ké orúkọ rẹ̀ bí ẹni tí òkú sùn ní ilé rẹ̀. Ajíbóyè kò bojú wẹ̀yìn. Bóyá nítorí irin ni kò ṣe gòkè, bóyá nítorí ohun tó gbọ́ ni. Veronica kò mọ̀, kò sì sí ẹni tó lè bá a bi í.

Báàjì lọ. Òkun bo imú gígùn mọ́tò náà. Olówòkéré da ọtí padà sínú ìgò, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì dà sílẹ̀. Nígbà tó rí i pé ọmọ rẹ̀ kò kúrò nínú omi, ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ bá a, pẹ̀lú agbádá ẹlẹ́rẹ̀ náà lọ́rùn.

"Èmi ni mo fà á, ọma mi," ló wí. "Irú ọkùnrin yẹn! Èmi ni mo lé e."

"Rárá, Bàbá," ni Veronica wí. "Ẹ̀yin kò fẹ́ ẹ, gbogbo ilé sì mọ̀. Èmi ni mo fẹ́ ẹ, tí mi ò sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ti lé e."

Olówòkéré di apá ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n gun àkàbà, wọ́n sì wọlé.